Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra ọ̀dà kí n tó pe Baba bíríkìlà: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ògiri mi ní Kàbà

Ẹ kú ilé o. Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ìtàn ògiri yìí lọ́kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá mi, tó gbọ́wọ́ lé e, tó wá bi mí pé, "Màámi, ta ló bá yín ṣe é?" Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, kí ẹnu mi lè sinmi. Iṣẹ́ Baba bíríkìlà kan ní Kàbà níbí ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, àti ti ọ̀dà inú garawa kan tó kọ́kọ́ gba owó mi. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Baba. Ọ̀dà náà, òdo ni, àánú ni mo sì tún fi ṣe é.

Ọdún 1986 la bẹ̀rẹ̀ ilé yìí, nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Kogi. Ó di 1991 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Olóògbé ọkọ mi, Dáàdì àwọn ọmọ, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin nígbà náà. Kaduna Poly ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ilé, wọn kò sì lè kọ́ ilé bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ́ ọ. Wọ́n ní ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Àwọn aládùúgbò rò pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Owó wo? Owó oṣù tíṣà àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àmọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ ní Kàbà yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìjì òjò wa kì í ti ibòmíràn wá. Ìlà oòrùn lójú ọ̀run ti máa ń ṣú, atẹ́gùn á kọ́kọ́ gbé eruku, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ìgbà tí òjò bá máa dé, kì í já wálẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wá. Ògiri tó bá kọjú síbẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀gba. Yàrá tí à ń sùn sì nìyẹn.

Bí ògiri náà ṣe rí ni pé búlọ́ọ̀kù ínṣì márùn-ún wà níta, búlọ́ọ̀kù ínṣì márùn-ún wà nínú, àlàfo ínṣì méjì wà láàárín wọn látòkè délẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ọ̀kan mọ́ èkejì níbì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ya. Dáàdì máa ń sọ pé agbòjò ni ògiri ìta, kò sí ohun tó burú tó bá rin. Omi tó bá la ògiri ìta kọjá yóò bá àlàfo pàdé, kò ní rí afárá tí yóò fi rékọjá, yóò ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn ògiri ìta, ihò kéékèèké tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ni yóò sì bá jáde. Ògiri inú kò ní mọ̀ pé òjò rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ihò inú búlọ́ọ̀kù tí gbogbo wa mọ̀ ni mò ń sọ. Ihò inú búlọ́ọ̀kù ní ẹran lọ́tùn-ún, lósì àti láàárín, ẹran yẹn ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ara rẹ̀ sì ni omi ń gbà wọlé. Nígbà tí àwọn èèyàn bá sọ fún mi pé ilé tiwọn náà ní àlàfo torí pé búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ilé tí wọ́n fi gbogbo ọgbọ́n yìí kọ́, ṣé ó gbẹ? Kò gbẹ. Láti ọdún kejì tí a kó wọlé ni àpá mẹ́rin, márùn-ún ti máa ń yọ lára ògiri lókè ibùsùn nígbà òjò, wọ́n rí roboto bí ìdí ife, wọ́n sì jìnnà síra wọn ní ìwọ̀n kan náà bí ẹni fi rúlà wọ̀n wọ́n. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á parẹ́. Dáàdì máa ń wò wọ́n, wọ́n á mi orí, wọn kì í sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, ní 2019, àwọn ọmọ ní kí àgbàlá mi dára, wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ. Ó dára lóòótọ́. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, wọ́n kọ́kọ́ da yanrìn sí i, ilẹ̀ ìta wá ga sí i. Òjò ọdún yẹn kò tíì tán tí ọ̀rinrin fi gun ògiri inú láti ilẹ̀ títí dé eékún mi, ó lọ láti igun dé igun. Kì í ṣe àpá mọ́. Ògiri náà rin gbingbin. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ń yọ bí èépá, iyọ̀ funfun ń hù lára rẹ̀, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù bu, aṣọ òkè ìgbéyàwó mi sì gba òórùn ilé àgbà. Èyí tó dùn mí jù ni àpótí ìwé Dáàdì. Bí mo ṣe ṣí i, ìwé lẹ̀ mọ́ ìwé.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ìlú tó wà. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé garawa kan síwájú mi, ó ní ọ̀dà tí omi kò lè là ni, ó ní bí mo bá fi kun ògiri lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọ̀rinrin mọ́ títí ayé. ₦68,000 ni garawa kan. Kò béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí omi ń gbà wọlé, èmi náà kò sì bi ara mi. Kunlékunlé gba ₦30,000. Fún oṣù méjì, ògiri mi ń dán bí àwo tánganran. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ògiri tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Òjò ìkẹta tàbí ìkẹrin ni mo jí láàárọ̀ tí mo rí i pé ọ̀dà náà ti lé ròrò. Bí ara ẹni tí omi gbígbóná jó ló rí, ó wú jáde ní ibi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, èyí tó tóbi jù tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo gún ọ̀kan. Omi dà jáde, ó ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo tọ́ ọ wò, ẹ má bi mí ìdí rẹ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ ni. Ọ̀dà náà kò purọ́ o, omi kò la á kọjá lóòótọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ lomi wà, ògiri inú ń mu omi láti ẹ̀yìn bí fóòmù, ọ̀dà sì ti ilẹ̀kùn tí omi náà ìbá gbà gbẹ sínú yàrá. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin yẹn ní ẹni tó kun ún ni kò mọ̀ ọ́n kùn, kí n ra garawa kejì. Ẹ bá mi ṣàánú ara mi: mo rà á.

Ọmọ mi kejì ń gbé ní Wales. Ó wò mí lórí fóònù bí mo ti ń fi ògiri hàn án, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ra nǹkan kan mọ́. Ẹ wá ọ̀rá funfun kan, ẹ gé e tó ojú ìwé kan, ẹ fi téépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yí ká, kí afẹ́fẹ́ má lè wọ ibẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì." Ó ní bí omi bá wà lójú ọ̀rá níhà yàrá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé ló ń di omi lára ògiri tútù, ohun tó ń bá wọn fínra lọ́hùn-ún nìyẹn torí pé wọn kì í ṣí fèrèsé nígbà òtútù, wọ́n á máa se oúnjẹ, wọ́n á máa wẹ̀, wọ́n á tún máa sá aṣọ sínú ilé. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọ̀rá níhà ògiri lomi wà, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì, abẹ́ ọ̀rá kún fún omi wínníwínní, níhà ògiri. Kò ná mi ju téépù lọ, ó sì kọ́ mi ní ohun tí ₦136,000 ọ̀dà kò kọ́ mi.

Òun náà ló ṣàlàyé pé ilé tiwọn níbẹ̀, láti bí ọdún 1920 sókè wá, ògiri méjì tó ní àlàfo ni wọ́n fi ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ìjì tiwọn, ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ló ti ń wá láti orí òkun. Ẹni tó ta ilé fún un ti ní kí wọ́n fín nǹkan bí òwú kún inú àlàfo náà kí ilé lè móoru. Ní ilé tí òjò kì í lù gan-an, ó lè má ṣe nǹkan kan. Ilé tirẹ̀ kọjú sí ìjì, ògiri ìta sì ti sán, bí òwú náà ṣe di afárá fún omi nìyẹn. Owó tó fi kó o jáde ju owó tí wọ́n fi kó o sínú rẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló wà nínú àlàfo tiyín?" Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?"

Kò dá mi lójú. Ara mi kò balẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Aládùúgbò mi kan ló darí mi sọ́dọ̀ Baba bíríkìlà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Búnú ni wọ́n, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí búlọ́ọ̀kù ṣì jẹ́ ohun àrà. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀. Ọjọ́ Ajé kọjá. Mo pè, wọ́n ní àwọn wà lọ́nà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dé, ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan tí kò gbé ojú kúrò lára fóònù. Ìràwọ̀ kan tó dín nínú márùn-ún, ibí ló lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọn kò wo inú yàrá rárá. Ìta ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀lé ìdí ògiri láti igun kan dé èkejì, wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, dípísì yín dà?" Dípísì ni aṣọ ọ̀dà dúdú tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kí búlọ́ọ̀kù ògiri tó bẹ̀rẹ̀, kí omi ilẹ̀ má lè gun òkè. Ó yẹ kí ó ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní ínṣì mẹ́fà ó kéré tán. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí i fún mi: íńtálọ́ọ̀kù àwọn ọmọ mi ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké tí omi ìbá gbà jáde kúrò nínú àlàfo sì wà lábẹ́ yanrìn. "Ẹ ti dí omi náà lẹ́nu," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. "Níbo lẹ fẹ́ kó gbà?"

Ìyẹn ṣàlàyé ti ìsàlẹ̀. Mo bi wọ́n nípa àpá roboto òkè. Wọ́n wọlé, wọ́n wò wọ́n, wọ́n fi ọwọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín àpá kan àti èkejì, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ibi tí irin wà nìyẹn. Nǹkan ló wà lórí irin." Wọ́n ní kí n wá tọ́ọ̀ṣì àti dígí tí mo fi ń wo ojú.

Wọ́n fi hámà àti ṣísẹ́ẹ̀lì yọ búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ní igun ìta, nísàlẹ̀. Wọn kò fọ́ ọ o, wọ́n gbẹ́ mọ́tà (sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí wọ́n fi lẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ra) tó yí i ká ni, wọ́n sì fà á jáde bí ẹni fa àpótí tábìlì. Wọ́n ti dígí sínú ihò náà, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ wá wo ilé yín."

Mo dùbúlẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì kí n lè rí i. Nínú dígí, mo rí àlàfo náà, ó ga lọ sókè, ó ṣókùnkùn, ó tutù bí inú kànga. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣófo. Mọ́tà tó já sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ti ga bí òkìtì ikán, ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ó ti kọjá dípísì, ó sì fara kan ògiri méjèèjì. Lókè rẹ̀ ni mo rí irin àkọ́kọ́. Mọ́tà jókòó lé e lórí gbọnrangandan bí ẹyẹ lórí wáyà iná, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan sì dábùú irin kejì. Mo ń wò ó lọ́wọ́ ni omi kan rọra yọ lára ògiri ìta, ó gba orí mọ́tà náà, ó kọjá sí ògiri inú. Ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, òmíràn. Òjò àná ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ẹni tó fi mọ́tà yẹn síbẹ̀. Èmi ni.

Bó ṣe lọ rèé. Nígbà tí à ń kọ́lé, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni Dáàdì ń wá láti Ìlọrin, wọ́n á gba Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọ̀pà kọjá, wọ́n á dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú eruku lórí. Wọ́n ti ṣe pákó kan fún àwọn bíríkìlà, ìbú rẹ̀ kò pé ínṣì méjì kó lè wọ àlàfo, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, okùn wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó sórí irin nínú àlàfo, kí mọ́tà tó bá ń já máa já lé e lórí. Bí ògiri bá ga dé ibi tí irin mìíràn yóò wọlé, wọ́n á fi okùn fà á sókè, wọ́n á gbá mọ́tà orí rẹ̀ dànù, wọ́n á gbé irin tuntun lé ògiri, wọ́n á tún gbé pákó lé irin náà. Gbogbo ọgbọ́n ògiri méjì, lórí pákó yẹn ló wà.

Ó ń dá iṣẹ́ dúró. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ mẹ́fà lójoojúmọ́, mo ní ọmọ lẹ́yìn, mo tún ń lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ kẹta, olórí wọn ní, "Màdáámù, pákó yìí ni kò jẹ́ ká yára o." Mo ní, "Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jàre, ẹ jẹ́ ká parí." Nígbà tí Dáàdì dé ní ọjọ́ Ẹtì, ògiri ti ga dé orí fèrèsé. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń fa pákó yẹn?" Mo ní wọ́n ń fà á. Wọ́n wo ojú mi. Wọn kò tún béèrè mọ́ títí wọ́n fi kú.

Pákó náà ńkọ́? Òun ni mo fi ń ti okùn aṣọ sókè ní àgbàlá, láti ọdún yẹn títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú okùn ṣì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì.

Mo sọ ọ́ fún Baba bíríkìlà bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ wá omi tútù mu," wọ́n sì ní kí a dúró di ìgbà ọyẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà, ní oṣù kìíní ọdún, nínú ọyẹ́ gan-an. Àwọn fúnra wọn ló yan àkókò náà, wọ́n ní ẹni tó bá tú ògiri nígbà òjò ń ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù ní ibi méje nísàlẹ̀ ògiri ìta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí wọ́n bá ti dí èyí padà ni wọ́n tó ṣí òmíràn, kí ògiri má baà jókòó. Wọ́n fi ọ̀pá irin tí wọ́n tẹ̀ lórí bí ìkọ́ wú mọ́tà inú rẹ̀ jáde. Mo jókòó sórí àga, mo ń kà á: páànù ìkẹ́rù mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún! Mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́.

Ti orí irin ló gba sùúrù. Níbi tí àpá kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá, wọ́n wọ̀n ọ́n sí ìta, wọ́n ṣí i níbẹ̀, wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì kékeré gbá mọ́tà kúrò lórí irin. Irin méjì ti jẹ dógùn-ún, ọ̀kan sì dà sínú, èyí tó túmọ̀ sí pé yàrá ló ń darí omi sí. Wọ́n pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí irin tí wọ́n fi síńkì bò. Kí wọ́n tó fi wọ́n sí i, wọ́n fi ẹ̀mú tẹ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ díẹ̀, ó rí bí àgbọ̀n ẹni. Mo ní kí nìyẹn fún. Wọ́n da omi ife kan sórí ọ̀kan fún mi: omi rìn dé àárín, ó bá ibi tó tẹ̀ yẹn pàdé, ó kán sílẹ̀. Kò dé òdì kejì. Ọmọ iṣẹ́ gbé ojú kúrò lára fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wú íńtálọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìbú ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n gbẹ́ yanrìn jáde títí dípísì fi hàn, wọ́n tún wọ̀n ínṣì mẹ́fà sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ṣí ihò ìsàlẹ̀ padà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ bo ojú wọn nítorí agbọ́n àti ọmọ aláǹgbá. Àwọn ọmọ mi bínú nípa íńtálọ́ọ̀kù wọn. Mo ní kí wọ́n wá máa sùn níbẹ̀.

Ìjà kan ṣoṣo tí mo bá Baba jà ni ti rírẹ́ ìta, tó ti sán káàkiri. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun àwátì níbí, Ọbàjànà tí wọ́n ti ń ṣe é kò jìnnà, ọkọ̀ wọn ń kọjá tọ̀sán-tòru. Mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì púpọ̀ sí i kó le dáadáa. Wọ́n kọ̀. Páànù yanrìn mẹ́fà sí páànù sìmẹ́ńtì kan ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní rírẹ́ tí sìmẹ́ńtì pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, á sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àkúrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní rí ibi gbà jáde mọ́. Mo bú wọn díẹ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe tiwọn. Wọ́n sì ń wọ́n omi sí i ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ọyẹ́ má gbẹ ẹ́ ní kíákíá.

Wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kan inú. Wọ́n ní kí n họ gbogbo ọ̀dà ₦136,000 yẹn dànù kí ògiri lè mí, kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ rẹ̀, kí n má fi omi fọ̀ ọ́ nítorí iyọ̀ á tún yọ́ padà wọ inú búlọ́ọ̀kù. Ìṣirò wọn ni oṣù kan fún ínṣì kan. Búlọ́ọ̀kù ínṣì márùn-ún, oṣù márùn-ún. Mo gbé pẹ̀lú ògiri tó dà bí ṣùkù àgbàdo títí di oṣù kẹfà kí wọ́n tó wá rẹ́ ẹ.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦160,000, ohun èlò sì lé díẹ̀ ní ₦70,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ₦130,000 la jọ sọ. Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ní irin tó dógùn-ún kò sí nínú àdéhùn. Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀, àmọ́ n kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi owó kún owó nígbà tí ògiri ti wà ní ṣíṣí. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í kọ rìsíìtì. Wọ́n fọ́ ìkòkò òdòdó mi méjì, eruku wọn sì dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí kò gbẹ tán. Lókè fèrèsé, Dáàdì tàbí àwọn òṣìṣẹ́, n kò mọ ẹni tó gbàgbé, kò fi aṣọ dípísì tó yẹ kó rọra dà síta sórí líńtẹ̀lì (kọnkéré orí fèrèsé), kí omi inú àlàfo tó bá já lé líńtẹ̀lì lè gba ìta lọ. Baba ní àwọn lè ṣe é, ṣùgbọ́n gbígbẹ́ orí fèrèsé ń fẹ́ òpó tí yóò gbé ògiri ró, owó rẹ̀ sì lọ́tọ̀. Mo ní kó dúró ná. Bí òjò bá pọ̀, igun fèrèsé a máa ní àmì omi tó tóbi tó kọ́bọ̀ kan. Mo lè gbé pẹ̀lú ìyẹn.

Ìyókù gbẹ. Ìjì oṣù kẹrin dé, páànù lù, mo gbé àga síwájú ògiri ní òru, mo ń wò ó bí ẹni wo tẹlifíṣàn. Kò sí nǹkan kan. Ní àárọ̀, mo jáde lọ wo ihò ìsàlẹ̀: mẹ́rin nínú wọn ń kán omi sórí òkúta wẹ́wẹ́, tó, tó, tó. Nínú oṣù kẹsàn-án, tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá, mo tún lẹ ọ̀rá mi mọ́ ògiri. Ọjọ́ méjì, ó gbẹ níwájú, ó gbẹ lẹ́yìn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Wales.

Ẹ má bi mí ní nọ́ńbà Baba, n kì í pín nọ́ńbà àgbàlagbà kiri. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù ní Kàbà, wọ́n á mọ ẹni tí ẹ ń wá bí ẹ bá ti sọ pé Baba tó ń fi dígí wo ògiri. Ẹ pè wọ́n ní oṣù kọkànlá bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dé ní oṣù kìíní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yà sílé mi. Ẹnì kan tó ti òkè òkun dé ní Ìyàrá fẹ́ kọ́ ilé, ó ní kí wọ́n kọ́ ògiri ìlà oòrùn ní méjì, wọ́n sì wá yá pákó Dáàdì. Mo tú okùn aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n gbé e sára ògiri, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi èékánná họ mọ́tà tó ti gan mọ́ ọn láti ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ fi lò ó yẹn. Wọ́n ní àwọn yóò dá a padà bí wọ́n bá ti dé orí líńtẹ̀lì, ní ọjọ́ Ajé kan, aago méje àárọ̀. Mo ti ra okùn àti igi mìíràn fún aṣọ mi.